Ìwé ètò tí Ìjọ England fi ń gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà: ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ọ̀fẹ́ ni From Lament to Action, ìwé ètò tí Ìjọ England (Church of England, ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) fi ń gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ẹni tó bá ní fóònù lè wà á jáde lórí ìkànnì ìjọ náà. Ìgbìmọ̀ tí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury àti York gbé kalẹ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2021, àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n gún Stephen Lawrence, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, pa ní London lọ́dún 1993.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ máa ń béèrè pé kí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ìwé náà ò fi èyí sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà, torí ní àwòrán Ọlọ́run la dá gbogbo èèyàn. Gbèsè àtẹ̀yìnwá sì tún wà. Ní oko ìrèké Codrington ní Barbados, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà tó ni oko náà jẹ́ kí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí àyà àwọn ẹrú. Àwọn ará Caribbean tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọkọ̀ Windrush ti ọdún 1948 jẹ́ ọmọ Áńgílíkà láti ilé wọn wá, síbẹ̀ wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù kejì ọdún 2020 ni Sínọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá pàápàá. Ọdún 1864 ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Nígbà tó di 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lágbègbè odò Ọya, wọ́n dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú bàbá arúgbó tó ti tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Ó kú ní ìparí ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2014 kí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby tó tọrọ àforíjì ní Canterbury.

Ìwé kọ́ ló wọ́n ìjọ yìí. Láti nǹkan bí ọdún 1985, ìwé tí wọ́n ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí lé ní 20, àbá inú wọn sì lé ní 160. Ohun tó mú èyí yàtọ̀ ni pé iṣẹ́ 47 tó là sílẹ̀ dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ parí. Èyí tó múná jù ni ti ipò àlùfáà àgbà: ó kéré tán, aláwọ̀ dúdú tàbí ọmọ ẹ̀yà kékeré mìíràn kan tó kúnjú ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Bí kò bá sí, kí wọ́n kọ ìdí tó ṣeé gbé síta. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lágbára, torí abẹ́lé ni irú àwáwí bẹ́ẹ̀ máa ń sùn.

Owó ló da ètò náà rú. Wọ́n ní kí dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ kan tí yóò fi odindi ọdún márùn-ún gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà (Archbishops' Council, kì í ṣe ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé náà) ní àwọn ò lè sanwó rẹ̀. Àpò £100 mílíọ̀nù tí wọ́n kéde ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọ̀tọ̀ nìyẹn o: ti owó òwò ẹrú inú South Sea Company ni, kì í ṣe ti ètò yìí.

Àlàyé tí ìjọ àdúgbò nílò ò sì pọ̀ tó nínú ìwé náà. Níbẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ẹ wo ìjọ tí Yorùbá kún ìjókòó rẹ̀ fọ́fọ́, tí PCC rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń darí ìjọ àdúgbò, funfun báláú. Electoral roll, ìwé orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tó lè dìbò, ló sábà ń fà á. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ kò lè dìbò fún PCC. Kí wọ́n tó lè yan èèyàn sí PCC, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, kí ó ti pé ọmọ ọdún 16, kí ó sì ti gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ọmọ ọdún 21 sókè ló lè ṣe wọ́dìnì (churchwarden), olórí òṣìṣẹ́ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà. Ẹni tó ti ṣèrìbọmi, tó sì ti ń jọ́sìn níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà lè gba fọ́ọ̀mù láti forúkọ sílẹ̀, kódà bí kò gbé ládùúgbò. Ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń pa ìwé orúkọ náà rẹ́ tí wọ́n ń kọ tuntun. Ọdún 2025 ni ti ìkẹyìn, nítorí náà ẹni tí kò tún fọ́ọ̀mù kọ nígbà náà ti kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí ó pẹ́ tó nínú ìjọ.

Racial Justice Sunday, ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ìjọ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo láàárín ẹ̀yà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kejì. Ọ̀pọ̀ ìjọ ń sọ ọ́ di ọjọ́ gèlè àti jọ́lọ́ọ̀fù, ó sì máa ń tán síbẹ̀. Ṣáájú ìparí oṣù kárùn-ún ni ìpàdé ọdọọdún tí wọ́n ti ń yan PCC gbọ́dọ̀ wáyé, wọ́n sì ń ti ìwé orúkọ láàárín ọjọ́ 28 sí 15 ṣáájú rẹ̀. Àyè wà ní Racial Justice Sunday, kí wọ́n tó ti ìwé náà, láti gbé fọ́ọ̀mù àti báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì, kí ẹnì kan sì jókòó tì í láti ran àwọn àgbà lọ́wọ́.