Ìyá gun ẹṣin wá gba ọmọ rẹ̀: àlọ́ Angela Carter tí mo kà ní Kétu

Ẹni tó bá dàgbà sí Kétu, tó ti gbọ́ àlọ́ ọmọge tó kọ gbogbo ọkọ ìlú títí ó fi tẹ̀lé àjèjì tó yá ẹ̀yà ara, ìwé yìí ò ní ṣàjèjì sí i. The Bloody Chamber ni Angela Carter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè é nígbà tó jáde ní 1979. Èdè Faransé ni mo fi kà á, La Compagnie des loups ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ìtàn 10 ló wà nínú rẹ̀, orí àlọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ló sì kọ́ wọn lé. Carter mọ àlọ́ wọ̀nyẹn dénú: òun ló túmọ̀ ti Charles Perrault, òǹkọ̀wé àlọ́ ilẹ̀ Faransé àtijọ́, sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1977.

Ìtàn àkọ́kọ́ ló gùn jù. Ọmọbìnrin kan fẹ́ olówó, ọkọ kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́, ó ní yàrá kan wà tí kò gbọdọ̀ ṣí. Ẹ ti mọ ohun tó máa ṣe. Nínú àlọ́ Perrault tí Carter gbé èyí kà, àwọn arákùnrin rẹ̀ ló wá gbà á lọ́wọ́ ikú. Ti Carter, ìyá rẹ̀ ni! Ìyá ká aṣọ sókè, ó gun ẹṣin la omi òkun wá, ó gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ tó ti kú dání, ọta kan ṣoṣo ló fi parí ọ̀rọ̀ àna rẹ̀. Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí.

Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi kò gùn rárá. Ọmọ kékeré kan ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyá ńlá rẹ̀, ìkookò kọ lù ú lọ́nà, ó fi ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ gé ọwọ́ iwájú ẹranko náà, ó fi aṣọ wé e. Ó dé ilé, ó bá ìyá ńlá lórí ibùsùn, ara rẹ̀ ń gbóná janjan. Ó gbọn aṣọ náà: ọwọ́ èèyàn ló já bọ́, tòun ti òrùka ìgbéyàwó lórí ìka. Àwọn aládùúgbò sọ ìyá arúgbó náà lókùúta pa. Ọmọ náà kó sínú ilé rẹ̀, nǹkan sì ń ṣẹnuure fún un.

Ta ló rí ìkookò yẹn yàtọ̀ sí ẹni tó jogún ilé? Mo ka ojú ìwé yẹn tán, mo tún padà sórí rẹ̀. Àwa náà mọ ohun tí wọ́n máa ń fi kan ìyá arúgbó tó ń dá gbé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, orin àti ijó ló fi ń tu àwọn ìyá lójú. Abúlé inú ìtàn yìí, òkúta ni wọ́n bù.

Ti ẹkùn náà dùn. Bàbá fi ọmọ ta tẹ́tẹ́, ó sì pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ ẹkùn. Nínú àlọ́ wa, ọdẹ ló jí awọ àgbọ̀nrín gbé kó lè fi obìnrin náà ṣaya. Níbí, ẹkùn fi ahọ́n lá awọ èèyàn kúrò lára ọmọbìnrin, irun ẹranko tó ń dán yọ lábẹ́ rẹ̀, tinútinú rẹ̀ sì ni.

Èyí tó sọ nípa ọba inú igbó fà jù, ewé àti igi ni ṣáá. Èdè rẹ̀ wúwo níbi púpọ̀, ẹ máa ka ọ̀kan lálẹ́ kan, kẹ́ ẹ sì kà á sókè. Ẹ má fi lé ọmọdé lọ́wọ́ nítorí orúkọ àlọ́: ìfipábánilò wà nínú ti ọmọ oníyìnyín, kò sì ju ojú ìwé díẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ní àkókò, kó ti ìtàn ìyá ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀.