Pákéèjì oúnjẹ “tún inú ṣe kí ásímà lọ” tí mo rà ní Surulere: oúnjẹ ẹ̀ dáa, ìwé inú ẹ̀ lẹ ò gbọdọ̀ kà

Tẹ́ ẹ bá ní ásímà, tẹ́ ẹ sì wà ní group WhatsApp kankan l'Ékòó, wọ́n á ti ju nǹkan yìí sí yín rí. Oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá sílé, pé ó ń tún inú ṣe, tí inú bá sì ti dáa, èémí náà á já gaara. Èmi rà á. 18,000 náírà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo san, owó díspáàṣì dá yàtọ̀. Ìyá kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló ń sè é ní Surulere lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé e wá bá mi ní ọ́fíìsì ní Marina lọ́jọ́ Monday àti Thursday. Mi ò ní dárúkọ wọn nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yin ibi tó yẹ kí n yìn. Ògì bàbà, ẹ̀wà olóyin, ìrẹsì ọ̀fadà, ẹ̀fọ́ rírò, ẹja títù díndín, wàrà tí wọn ò fi ṣúgà sí rárá, àti irú wooro tí wọ́n fi ewé wé. Irú yẹn ehn, mo ṣí i nínú ọ́fíìsì, gbogbo floor ló mọ̀, ṣùgbọ́n òórùn irú gidi ni, kì í ṣe èyí tó dà bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ iléèwé. Ẹ̀wà yẹn rọ̀, ó ń yọ́ lẹ́nu. Ọwọ́ ìyá yẹn dùn, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ inú mi kún bí ìlù, mo ń dá jókòó nínú BRT kí n má baà dá wàhálà sílẹ̀. Inú tó ti bá búrẹ́dì àti indomie ṣọ̀rẹ́ látọdún yìí wá, tẹ́ ẹ bá ṣàdédé da fáíbà lé e lórí, á pariwo ni. Tó bá di tiyín, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu omi dáadáa.

Ọ̀rọ̀ pé inú àti èémí mọ ara wọn, kì í ṣe irọ́ o. Fáíbà tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í dà nínú wa, odidi ló máa ń dé ìfun ńlá, ibẹ̀ làwọn bakitéríà á ti jẹ ẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di nǹkan kéékèèké bíi butyrate àti acetate. Àwọn nǹkan yìí ló ń sọ fáwọn ṣọ́jà ara pé kí wọ́n fara balẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo eruku tó bá kọjá ni olè. Lọ́dún 2014 àwọn onímọ̀ kan ní Switzerland fún àwọn eku lóúnjẹ tí fáíbà pọ̀ nínú ẹ̀, nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n fa ohun tó ń fa àlẹ́jì símú, ẹ̀dọ̀fóró wọn ò wú tó tàwọn eku yòókù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n eku ni wọ́n o.

Ibi tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé tí wọ́n ká sínú báàgì. Wọ́n ní bakitéríà tó wà láàyè kún inú ẹ̀kọ gbígbóná wọn. Ẹ gbà mí o! Ògì tí mo da omi híhó lé lórí, bakitéríà wo ló fẹ́ yè é? Lóòótọ́ bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní lactobacillus ló ń mú ògì kan, ẹni tó bá mu omikan láìsè é á rí wọn mu, wàrà náà ní tiẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti sè é tán, ẹ̀kọ lásán lẹ ń mu, ẹ̀kọ sì dùn, ṣé kò tó ni?

Èyí tó bí mi nínú ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn má fún ọmọ ní ẹ̀pà àfi tó bá pé ọdún mẹ́ta, kí àlẹ́jì má baà mú un. Ohun táwọn dókítà ń sọ látijọ́ nìyẹn, wọ́n ti kó o jẹ. Ní London, wọ́n kó ọmọ ọwọ́ 640 jọ, àwọn tí éksímà (ara tó máa ń yún) tó le tàbí àlẹ́jì ẹyin ń dà láàmú, ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, wọ́n ní káwọn kan máa jẹ ẹ̀pà, káwọn kan má fẹnu kàn án títí wọ́n á fi pé ọdún márùn-ún. Èsì jáde lọ́dún 2015: àlẹ́jì ẹ̀pà fi bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dín kù lára àwọn tó ń jẹ ẹ́. Lílọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ sínú ògì o, bí màmá màmá mi ṣe ń ṣe, torí odidi ẹ̀pà lè há ọmọ lọ́fun, tí éksímà ọmọ bá sì le, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Títù nìkan ni mo fẹ́ gbà fún wọn, torí epo inú ẹ̀. Ní Denmark, wọ́n fún àwọn aboyún kan ní epo ẹja láti bí ọ̀sẹ̀ 24 oyún, obìnrin 736 ni gbogbo wọn, èsì jáde lọ́dún 2016. Nínú ọmọ ọgọ́rùn-ún, 16.9 ló ní ásímà tàbí èémí tó ń han lápá àwọn tó mu epo ẹja, 23.7 lápá kejì. Ṣùgbọ́n ọmọ inú oyún nìyẹn, kì í ṣe èmi tí mo ti ń fa inhélà láti primary 3.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ṣẹ̀ mí. Ara mi kọ edé, mo sọ ọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Thursday yẹn mo jẹ ẹ̀fọ́ rírò ẹ, ṣíbí kẹta, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ọrùn mi sì lé wìì. Wọ́n ti lọ edé mọ́ ata. Mo lo cetirizine, oògùn àlẹ́jì, ó rọlẹ̀, tó bá jẹ́ èémí ló há ni, ọsibítù tààrà, cetirizine ò lè gba èèyàn nínú ìyẹn. Nígbà tí mo pè wọ́n, ìyá yẹn ní, “Ẹ jọ̀ọ́ aunty mi, ọmọ tó ń bá wa lọ ata ni ò mọ̀.” Mo ní, “Mummy, mo ti gbọ́, àmọ́ èmi ni ò bá kú o.” Wọ́n dá owó ọjọ́ yẹn padà, wọ́n sì bẹ̀ mí dáadáa.

Ṣé ara mi yá? Ikọ́ òru dín kù, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, oúnjẹ yẹn ti máa ń wà lọ́wọ́ mi kí n tó kúrò ní Marina, nítorí náà aago márùn-ún ni mò ń jẹun. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá bọ́ nínú go-slow Third Mainland, aago mẹ́wàá àbọ̀ ni mò ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ata, kí n sì na gbalaja, nǹkan kíkan á máa gòkè wá sí ọ̀fun mi, ìyẹn nìkan tó láti jí ásímà lóru. Mo tún ti ń lo inhélà aláwọ̀ igi mi láàárọ̀ àti lálẹ́, èyí tó wà fún dídènà kí ásímà má baà dìde, èyí tí mo pa tì nígbà tí owó ẹ̀ fò sókè. Ọyẹ́ náà sì ti lọ. Ta ni kí n wá fún ní kírédíìtì, irú àbí aago?

Ìwé wọn ní tó bá di ọjọ́ kọkànlélógún kí n ju inhélà sọnù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ásímà, tẹ́ ẹ bá rí oúnjẹ tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n ẹ má ju inhélà yín nù, ẹ jẹ́ kó máa wà nínú báàgì yín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin fún ọwọ́ ìyá, ọ̀kan fún ìwé. Mo ti san tọ́sẹ̀ méjì sí i, mo ní kí wọ́n yọ ẹ̀fọ́ rírò, màá máa sè é fúnra mi. Ìwé yẹn, mo ti fi gba epo ara títù.