GTX 970 méjì àti GTX 980 Ti kan: èwo ló yẹ kí a fi gbá géèmù?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ìbéèrè kan: bí owó ọwọ́ ẹni bá tó ra káàdì gíráfíìkì (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán sójú síkírìn) ńlá kan, tó sì tún tó ra méjì tó kéré sí i, èwo ni kí èèyàn mú? Mo ti lo méjèèjì nínú kọ̀ǹpútà kan náà nílé mi ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí, nítorí pé irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ọjà tòkúnbọ̀, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kó owó tó fi òógùn ojú rẹ̀ pa lé méjì lórí.

GeForce GTX 970 ni méjì tí mo lò. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ Nvidia gbé e jáde ní 329 dọ́là. Ẹyọ kan tí mo fi wé wọn ni GTX 980 Ti, tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 ní 649 dọ́là. Iye 970 méjì jẹ́ 658 dọ́là, tó fi hàn pé dọ́là 9 péré ló wà láàárín wọn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé a lè gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ọ̀nà tí káàdì méjì fi ń pín iṣẹ́ ṣe, tí Nvidia ń pè ní SLI, tí ilé iṣẹ́ AMD tó ń bá a díje sì pe tirẹ̀ ní CrossFire, dà bí ìgbà tí obìnrin méjì bá ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó ti ọ̀kan bá ń lọ sókè, ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Káàdì àkọ́kọ́ á ya àwòrán kìíní, èkejì á ya ìkejì, àkọ́kọ́ á tún padà wá ya ìkẹta. Ẹni tó bá ti gún iyán bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé bí ọ̀kan bá pẹ́ díẹ̀, tí èkejì sì yára jù, ọmọ odó á kọlu ara wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá ń gbé àwòrán 60 jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi milisẹ́kọ́ńdì 16.7. Ṣùgbọ́n bí káàdì kan bá gbé tirẹ̀ jáde lẹ́yìn milisẹ́kọ́ńdì 5, tí èkejì wá lo 28, sọ́fítíwíà tó ń kà á á ṣì kọ 60 sílẹ̀, ojú tó ń wò ó á sì rí i pé nǹkan ń kọsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú géèmù ìfọkọ̀sáré tí mo fi dán wọn wò. Nọ́ńbà àwòrán ìṣẹ́jú àáyá kan tó wà ní igun síkírìn fún 970 méjì ga ju ti 980 Ti lọ, kò sì yà mí lẹ́nu, torí pé níbi tí géèmù bá ti gba SLI dáadáa, méjì a máa sáré ju ẹyọ kan yẹn lọ. Síbẹ̀, ìlà funfun ojú títì, tó yẹ kó máa ṣàn bí omi, ń ta kìjí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tí mo fi 980 Ti sí i, nọ́ńbà wálẹ̀, ìlà náà sì ń ṣàn geerege. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi nọ́ńbà nìkan dá ẹjọ́ káàdì mọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́mórì tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ oníbàárà jẹ. 4GB àti 4GB kì í di 8GB, nítorí pé káàdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà gbogbo ohun tí géèmù ń lò lọ́wọ́ ara rẹ̀. 4GB náà ni ẹ ní, nínú èyí tí 512MB lọ́ra ju ìyókù lọ lórí 970, nígbà tí 6GB wà lórí 980 Ti.

Ní ti iná, 970 kan ń fẹ́ wáàtì 145, èyí tó jẹ́ 290 fún méjì, 980 Ti sì ń fẹ́ 250. Wáàtì 40 lè má jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ínfátà mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ooru ló burú jù nínú kọ̀ǹpútà mi: fáànù káàdì òkè kọjú sí ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ìka kan lọ, ooru tí ti ìsàlẹ̀ ń tú jáde sì ni ti òkè ń fà símú.

Ohun tó wá pa káàdì méjì run pátápátá ni pé àwọn géèmù ìgbàlódé máa ń lo àwòrán tó ṣáájú láti fi tún èyí tó tẹ̀ lé e ṣe, tó fi jẹ́ pé káàdì kejì gbọ́dọ̀ dúró de àkọ́kọ́ kó tó lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. DirectX 12, sọ́fítíwíà Microsoft tí géèmù fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, wá gbé ẹrù pípín iṣẹ́ fún káàdì méjì lé àwọn tó ń ṣe géèmù lórí. Géèmù kan tó ń jẹ́ Ashes of the Singularity ṣe é dáadáa débi pé káàdì AMD àti ti Nvidia lè jọ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló tẹ̀ lé e. Nvidia yọ SLI kúrò lára GTX 1060 ní ọdún 2016, wọn ò ṣe ètò tuntun tó ń jẹ́ kí SLI ṣiṣẹ́ nínú géèmù mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, RTX 4090 tó jáde ní ọdún 2022 kò sì ní ojú ìsopọ̀ tí a lè fi so káàdì kejì mọ́ ọn rárá.

Nítorí náà, ẹyọ kan ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá ti ní méjì nílé, ẹ pa SLI, kí ẹ gbá géèmù tí ẹ fẹ́ràn jù pẹ̀lú ẹyọ kan fún wákàtí kan, kí ẹ máa wo síkírìn, kì í ṣe nọ́ńbà. Èmi ti yọ 970 méjèèjì. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà àbúrò mi báyìí, ó ń fi gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí síkírìn 1080p, mi ò sì tíì gbọ́ kó ráhùn pé ó ń kọsẹ̀.