Ètò ìfẹ̀yìntì PenCom fún ilé iṣẹ́ kékeré: ibi tó ti dáa, ibi tó ti ń jò

Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá ti pé ẹni 15 ní Nàìjíríà, owó ìfẹ̀yìntì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àánú ọ̀gá. Òfin Pension Reform Act ti ọdún 2014, tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ń mú ṣẹ, ti sọ ọ́ di dandan. Ẹ jẹ́ ká yẹ ètò náà wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà kó tó sanwó.

Owó rẹ̀ kọ́kọ́. Agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ ń dá 8. Ká ní ẹnì kan ń gba N120,000: owó iṣẹ́ gan-an N60,000, owó ilé N25,000, owó ọkọ̀ N15,000, owó oúnjẹ N20,000. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni òfin ní a ò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀, ìyẹn N100,000. Òṣìṣẹ́ á dá N8,000, ilé iṣẹ́ á dá N10,000, ó di N18,000 lóṣù. Bí ìwé àdéhùn iṣẹ́ bá ní gbogbo N120,000 ni kí ẹ ṣírò lé, ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀gá tó bá sì fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ san fún òṣìṣẹ́ lè ṣe é, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 20. Àwọn kan máa ń gé owó ilé àti owó ọkọ̀ kúrú, wọ́n á wá kó ìyókù sábẹ́ "owó aṣọ" àti "owó iná". Ọgbọ́n tó ń jẹ owó arúgbó ẹlòmíì ni, a ò gbà á.

Ohun tó dáa jù nínú ètò yìí ni pé owó náà kì í wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kì í sì í wà lọ́wọ́ PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó RSA, àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. PFA ń pàṣẹ ibi tí wọ́n máa fi owó dókòwò sí, ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní PFC ló ń tọ́jú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan PFA, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ má fi ipá mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wá bá yín mu kọfí. Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì ṣí àkáǹtì, ìgbà yẹn ni òfin ní kí ẹ bá a ṣètò rẹ̀. Tí kò bá yan àpò owó kankan, Fund II ni wọ́n ń fi ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún sí, Fund III sì ni ti ẹni tó ti pé 50. Fund VI wà fún ẹni tí kò fẹ́ èlé.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ni jíjò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ẹ san owó oṣù ni òfin fún yín. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ìtanràn tó kéré jù jẹ́ ìdá 2 lóṣooṣù lórí gbogbo owó tí ẹ jẹ. Fún òṣìṣẹ́ 15 bíi ti òkè yìí, owó oṣù kan jẹ́ N270,000, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ N5,400 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi falẹ̀. Ìyẹn ṣì kéré. Ìwé orúkọ tó ń bá owó náà rìn, tí àwọn akáwó ń pè ní schedule, ló ń dá ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré láàmú. Nọ́ńbà kan tó ṣì nínú PIN, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì RSA òṣìṣẹ́, ti tó kí owó dé, kó má sì rí olówó. PIN yìí jẹ́ PEN àti nọ́ńbà 12. Ẹ má gbà á lẹ́nu, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ mú ìwé tí PFA fún un wá. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ wé ti NIN, pàápàá obìnrin tó ti yí orúkọ bàbá padà sí ti ọkọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ sanwó, ẹ ní kí èèyàn mẹ́ta wo àkáǹtì wọn.

Group Life, ìyẹn ìdójútòfò ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́, ni wọ́n sábà máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ òfin kan náà ló wà. Agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń san án. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, ohun tó kéré jù tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa gbà ni ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Ti ẹni wa yìí jẹ́ N1,440,000 lọ́nà mẹ́ta, N4,320,000. Ẹ rí i pé owó oúnjẹ wọ ìṣirò yìí. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, àwọn tí ẹ gbà síṣẹ́ ní oṣù kẹfà kì í sí nínú orúkọ tí ẹ fi sílẹ̀ ní oṣù kìíní. Èkejì, ẹ ti gba ìwé, ẹ ò tíì sanwó: lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò Nàìjíríà, bí owó ò bá tíì wọlé, kò sí ààbò. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ń wá iṣẹ́ àgbàṣe lọ́dọ̀ ìjọba, ìwé ẹ̀rí PenCom tí wọ́n ń béèrè máa ń wo Group Life pẹ̀lú ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì ọdún mẹ́ta, ó sì máa ń kú ní 31 oṣù kejìlá.

Ti òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ìráhùn rẹ̀ ni pé òun ò lè fọwọ́ kan owó náà, òótọ́ sì ni. Ẹni tí kò tíì pé 50 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró oṣù mẹ́rin kó tó gba ìdá 25. Bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, ìyẹn le. Àmọ́ àkáǹtì náà ń tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ tuntun, láti oṣù kọkànlá 2020 ló sì ti lè gbé e kúrò lọ́dọ̀ PFA kan lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ilé iṣẹ́ tí èèyàn rẹ̀ ò ju méjì lọ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà ní ètò tiwọn: Micro Pension tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2019, tí PenCom wá fi Personal Pension Plan rọ́pò ní 2025. Nínú ti 2019 yẹn, ìdá 40 ni owó tí wọ́n lè yọ fún àìní nígbà náà, ìdá 60 sì ń dúró de ọjọ́ ogbó. Lójú tiwa, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ péré ni ẹ ní o, ẹ kọ́kọ́ ra Group Life; owó rẹ̀ kéré sí ohun tí ẹbí máa fi sin òkú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìdá 1 tí ẹ ń san fún NSITF ti rọ́pò rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn: jàǹbá àti àìsàn tó ti ibi iṣẹ́ wá ni ti NSITF, Group Life ń sanwó bí òṣìṣẹ́ bá tiẹ̀ kú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé rẹ̀.