SSD Tuntun Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Gbéra: Díẹ̀ Ló Kù Kí N Dá Aláìṣẹ̀ Lẹ́bi

SSD (ohun ìpamọ́ fáìlì kọ̀ǹpútà tí kò ní ohun tí ń yí nínú) tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí jẹ́ oríṣi NVMe, irú tuntun tí ó yára, tí ó gba 1TB. Ó fẹ̀ ní mìlímítà 22, ó sì gùn ní mìlímítà 80, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ 2280 sí ara irú rẹ̀. Mo rà á láti fi rọ́pò díìsìkì SATA (ọ̀nà ìsopọ̀ àtijọ́) tí kọ̀ǹpútà mi ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ti SSD gan-an, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i: ó wọ inú ihò M.2 (ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ki irú SSD yìí sí nínú kọ̀ǹpútà) wẹ́kú, súkúrù kan ṣoṣo ni mo sì fi dè é mọ́lẹ̀. Ìwé pélébé tí ó wà nínú páálí rẹ̀ ni mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá wí, nítorí pé ohun tí wọn kò kọ sínú ìwé náà gba odidi ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló sì kù kí n dá ọjà tí kò lábùkù padà fún ẹni tí ó tà á.

Láti orí fláàṣì ni mo ti fi Windows 11 sí i, gbogbo rẹ̀ sì lọ geerege. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lò ó, inú mi dùn sí bí ó ṣe yá, nítorí pé SSD tí ó bá gba ojú SATA kì í lè kà ju nǹkan bíi 550MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí NVMe tí ó ń gba ọ̀nà PCIe 3.0 inú kọ̀ǹpútà lè sún mọ́ 3,500MB. Ní ọjọ́ kejì ni mo yọ wáyà díìsìkì àtijọ́ kúrò, mo tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì dúdú biribiri, àfi ìlà kan tí a fi lẹ́tà funfun kọ sí igun òkè: No bootable device.

Mo wọ inú ètò UEFI, ìyẹn ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé. Mo rí orúkọ SSD náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn díìsìkì, ṣùgbọ́n n kò rí i nínú àkọsílẹ̀ ohun tí kọ̀ǹpútà lè ti ara rẹ̀ gbéra. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ, òun sì ni kí ẹni tí irú èyí bá dé bá kọ́kọ́ wò. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbì kankan rárá, ó lè jẹ́ pé kò wọlé dáadáa, tàbí pé ihò M.2 náà kò gba NVMe, SATA nìkan ni ó gbà. Bí ó bá wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ti èkejì, SSD kò kú. Fáìlì tí ó yẹ kí ó jí Windows ni kò sí lára rẹ̀.

Ó dùn mí pé n kò tètè mọ èyí. Mo tan CSM (ohun tí ń jẹ́ kí UEFI ṣe bí BIOS, ètò àtijọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀), kò sì lè ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé Windows tí a bá fi sórí díìsìkì GPT (ọ̀nà tuntun tí a fi ń pín díìsìkì) ní ọ̀nà UEFI kò lè gbéra ní ọ̀nà BIOS àtijọ́. Mo fẹ́ yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá díìsìkì ṣiṣẹ́ padà láti AHCI sí RAID, mo dúpẹ́ pé mo dáwọ́ dúró, nítorí pé irú àyípadà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí Windows ti wà lórí díìsìkì sábà máa ń mú àṣìṣe INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE wá, ìyẹn pé Windows kò lè dé orí díìsìkì tí ó wà, wàhálà á wá di méjì. Níkẹyìn mo dá wáyà díìsìkì àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, mo tún fi Windows sí SSD náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Mo yọ wáyà yẹn, ó tún kọ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Mo fi fláàṣì gbé kọ̀ǹpútà dìde, mo tẹ Shift àti F10 pọ̀ kí ojú àṣẹ lè ṣí, mo wọ diskpart, irinṣẹ́ tí a fi ń pín díìsìkì, mo sì tẹ list disk. Àmì ìràwọ̀ wà lábẹ́ Gpt ní ìlà SSD. Nígbà tí mo yan SSD náà tí mo tẹ list partition, mo rí Reserved tí ó jẹ́ 16MB àti Primary ńlá, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí tí a pè ní System. Orí díìsìkì àtijọ́ ni System wà. Ìpín kékeré tí a ṣe ní FAT32 (ọ̀nà ìtò fáìlì tí UEFI lè kà) yìí ni UEFI máa ń wò láti rí fáìlì tí yóò gbé Windows dìde, bí ètò tí ń fi Windows síni bá sì ti rí ọ̀kan lórí díìsìkì mìíràn nínú kọ̀ǹpútà kan náà, ó lè lo ìyẹn láìdá tuntun sílẹ̀. Mo ti kó lọ sí ilé tuntun, mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí ti àtijọ́.

Ẹni tí kò bá tíì kó nǹkan kan sí SSD rẹ̀ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe: kí ó yọ díìsìkì yòókù, kí ó pa gbogbo ìpín orí SSD rẹ́, kí ó sì fi Windows sí i lọ́tun. Èmi ti kó iṣẹ́ mi sí i, mo sì ní ẹ̀dà wọn níbòmíràn, nítorí náà mo yan Primary náà nínú diskpart kí n lè gé àyè lára rẹ̀ fún ìpín System, mo tẹ shrink desired=300, lẹ́yìn náà create partition efi size=260, format quick fs=fat32, àti assign letter=S. Mo jáde kúrò nínú diskpart, kí fáìlì tí ń jí Windows lè wọ inú ìpín tuntun náà, mo tẹ bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI. Kí a tó tẹ àṣẹ ìkẹyìn yìí, ẹ rí i dájú pé C ni Windows wà lóòótọ́, nítorí pé lẹ́tà lè yí padà bí a bá gbéra láti orí fláàṣì. Kọ̀ǹpútà dá mi lóhùn pé Boot files successfully created. Mo pa á, mo yọ fláàṣì, mo tan án láìsí díìsìkì àtijọ́ níbẹ̀, Windows sì wọlé.

Láti ìgbà náà, SSD yìí kò já mi kulẹ̀ rí, bí mo bá sì tún fẹ́ ra òmíràn, irú rẹ̀ ni n óò rà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é fi àwòrán hàn nínú ìwé pélébé náà bí a ṣe ń fi súkúrù dè é, wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè púpọ̀, láìfi gbólóhùn kan ṣoṣo kún un pé kí a yọ díìsìkì yòókù kí a tó fi Windows sí i. Mo ti fi báírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn tèmi, mo sì dá a padà sínú páálí.