Sùtánà funfun: èwo nínú aṣọ mẹ́ta yìí ló tọ́jọ́ jù?

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ aláṣọ ní Gbági tàbí Balógun tí ẹ ní aṣọ sùtánà lẹ fẹ́, ìyẹn aṣọ funfun tí àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá (Sẹ́lẹ́) fi ń jọ́sìn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ sátíìnì ni wọn yóò kọ́kọ́ tú sílẹ̀, torí òun ló ń dán. Àmọ́ aṣọ tí a ó fi kúnlẹ̀, tí a ó fi forí kanlẹ̀, tí àbẹ́là yóò máa kán sí, tí a ó sì máa fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, dídán kọ́ la fi ń yàn án. Mẹ́ta tó wọ́pọ̀ la yẹ̀ wò: sátíìnì, gínì, àti aṣọ tí wọ́n fi ń rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ iléèwé, èyí tí wọ́n pa kọ́tìnnì àti pọ́líẹ́sítà pọ̀ hun.

Ẹwà sátíìnì kò ṣeé jiyàn, pàápàá lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí òógùn bá kàn án lábẹ́ apá, gbogbo ìjọ ni yóò rí i. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́: ẹní àti símẹ́ńtì á máa fa fọ́nrán rẹ̀ yọ títí ibẹ̀ á fi hu irun. Pọ́líẹ́sítà ló sì pọ̀ jù nínú èyí tó wà lọ́jà. Bí ẹyín iná kékeré bá ta sí i láti inú àwo tùràrí, yíyọ́ ni yóò yọ́, ihò á sì dé.

Gínì nípọn, ara kì í hàn lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń gba búlúù dáadáa. Ìnira rẹ̀ ni pé bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ ni dídán rẹ̀ ń lọ, ẹ ó sì máa fi sítáàṣì sí i kó tó dúró bí ó ti yẹ. Ẹ fi í pamọ́ fún ìkórè. Fún ìsìn ọjọ́ Àìkú gbogbo, ooru rẹ̀ pọ̀ jù.

Aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé yẹn la mú. Kò ní ẹwà kankan tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ dúró wò ó, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó ti gbẹ láàárọ̀, ojú áyọ́ọ̀nù kì í sì í tètè kúrò lára rẹ̀. Èyí tó nípọn ni kí ẹ béèrè. Ẹ tẹ́ ìpele kan sórí àtẹ́lẹwọ́ níbi tí oòrùn wà: bí ẹ bá lè ka ìka yín láti òkè aṣọ, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ tún fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ ṣáná sí i. Kọ́tìnnì pọ́ńbélé máa ń jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á rọ̀. Pọ́líẹ́sítà á ká jọ di kókó líle. Àdàlù máa ń ṣe díẹ̀ nínú méjèèjì.

Bí aṣọ bá fẹ̀ tó ínǹṣì 45, ọ̀pá 5 ló tó ẹni tó ga níwọ̀n. Bó bá jẹ́ 60, ọ̀pá 4 ti tó. Ẹ ra ti fìlà lára ìgàn kan náà, torí funfun kì í ṣe oríṣi kan: òmíràn dà bíi lékèélékèé, òmíràn ń pọ́n bíi wàrà, bí wọ́n bá sì pàdé lára ẹnì kan, ojú á mọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí télọ̀ tó gé e, kó ti sún kì tán. Ní ti àmùrè, ẹ má jẹ́ kí aláṣọ yàn án fún yín. Oyè ni wọ́n fi ń so ó, ìjọ yín ló mọ̀.

Láti 1947 tí Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), télọ̀ tó mọ sùtánà rán ti pọ̀. Síbẹ̀ àṣìṣe kan ò tán: wọ́n á wọn gígùn aṣọ nígbà tí bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ọmọ Sẹ́lẹ́ kì í wọ bàtà sí sùtánà. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ṣe ń gbálẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọn yín, kí ìṣẹ́tí sì fi ínǹṣì 2 ga ju ilẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lẹ rà, ẹ yí inú rẹ̀ síta: bí aṣọ tó kù lẹ́yìn ojú ìrán kò bá tó ìdajì ínǹṣì, kò ní pẹ́ já lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tó bá kan fífọ̀, bílíìṣì ló ń ba funfun yìí jẹ́ jù. Ọrùn aṣọ tí òógùn ti sọ di pípọ́n, ṣe ni bílíìṣì á tún pọ́n ọn sí i. Ọṣẹ ni kí ẹ fi ra á, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Búlúù, inú omi ni kí ẹ ti pò ó kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tò kálẹ̀ lára aṣọ. Ìda àbẹ́là ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó gan, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí họ ọ́, kí ẹ wá fi ìwé funfun sí abẹ́ àti òkè ibẹ̀, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e. Ìwé yóò máa fa ìda mu. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ títí yóò fi jáde láìní òróró. Ìwé ìròyìn kọ́ o, tàdáwà rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ aṣọ.