Mo ra owó fàdákà ọlọ́pẹ mẹ́rìnlá ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tí síkéèlì sọ fún mi

Ìyá tó bí bàbá mi kò fi ilé sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìdì aṣọ òfì kékeré kan ló fi sílẹ̀, ṣílè mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín in, ẹyọ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọdún 1914 ló wà lára rẹ̀, igi ọ̀pẹ kan dúró láàárín, ọba George Karùn-ún sì wà lójú kejì pẹ̀lú adé lórí. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ló kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí, torí láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri.

Lóṣù kẹsàn-án tó kọjá, mo rí ìdì kan ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ òǹtajà kan nílùú Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Ṣílè mẹ́wàá, ṣílè-méjì mẹ́rin, òǹtajà ní fàdákà ni gbogbo wọn. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Peckham ló bá mi dá iye lé e. A gbà á ní pọ́n-ùn 110, ó sì kó o wá fún mi l'Ábẹ́òkúta nígbà Kérésì. Mi ò ní dárúkọ òǹtajà, mi ò sì ní dárúkọ ibi gbàǹjo. Ọjà yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí n tó tú u, ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀ nítorí ẹni tí kò bá ìgbà ṣílè. Ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Láti 1913 ni owó ọlọ́pẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Kó tó dìgbà náà, owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn là ń ná l'Ékòó. Kọ́bọ̀ 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló ń jẹ́ pọ́n-ùn. Tí a bá pín ṣílè ọlọ́pẹ sọ́nà 1,000, 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà. Àmọ́ kò pẹ́ lọ títí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, fàdákà gbówó lórí débi pé ohun tó wà nínú ṣílè ju iye ṣílè lọ. Ta ni yóò tún máa ná an? Alágbẹ̀dẹ ni wọn yóò gbé e lọ bá. Ìjọba bá fi idẹ rọ́pò rẹ̀ láti 1920. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì nílé tiwọn náà bu fàdákà owó wọn sí ìdajì lọ́dún yẹn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò pátápátá ní 1947.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ṣílè ọlọ́pẹ, ọdún tó wà lára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Láti 1913 títí dé nǹkan bí 1920 ni ìgbà fàdákà. Ìmọ̀ yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ èmi fúnra mi kò lò ó dáadáa lọ́jọ́ tí mo rí àwòrán ìdì yẹn, torí iná ti bo gbogbo rẹ̀, ohun gbogbo ń tàn yanranyanran.

Mo tú u sórí aṣọ funfun lórí tábìlì ìdáná. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí mo fi rí àléébù àkọ́kọ́: ṣílè méjì pọ́n bí idẹ ilẹ̀kùn. Mo gbé wọn súnmọ́ ojú, 1924 àti 1936. Ẹni tó mọ owó ọlọ́pẹ kò lè pe ìyẹn ní fàdákà, àfi tó bá fẹ́ tanni jẹ, tàbí tí kò mọ ohun tó ń tà. Èwo nínú méjèèjì ni? Mi ò mọ̀, inú kàn ń bí mi.

Síkéèlì ló kù. Èyí tí mo ní kéré bí fóònù, irú èyí táwọn oníwúrà fi ń wọn nǹkan, ó sì ń ka ìwọ̀n dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ṣílè fàdákà tuntun wọn gíráàmù 5.65, ṣílè-méjì wọn 11.31. Èyí táwọn èèyàn ti ná gbó á dín díẹ̀. Ṣílè mẹ́jọ tó kù bọ́ sórí síkéèlì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: 5.58, 5.61, 5.52, 5.60... Ìkeje ka 4.81. Mo gbé e kúrò, mo tún un gbé, 4.81 náà ni. Mo fi gíláàsì táwọn alágogo fi ń wo inú aago wò ó létí yíká. Ìlà tín-ín-rín kan gba ibẹ̀ kọjá, bí ibi tí wọ́n ti pa ìdá méjì ìkòkò pọ̀. Ayédèrú ni, ó sì ti pẹ́ láyé. Láyé ìjọba amúnisìn, láàárín 1920 sí 1940, ayédèrú owó pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá débi pé orúkọ ìlú kan wọnú ọ̀rọ̀ títí dòní. Ọkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ní tí mo bá kọ orúkọ náà síbí, òun ò ní jẹun alẹ́. Mo ti fi sílẹ̀.

Ìdánwò tó dùn mọ́ mi jù ni ti omi, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò nílé. Gbé ife omi sórí síkéèlì, tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo. Fi òwú so owó náà, rọra rì í sínú omi, má jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tó bá jáde ni ìwọ̀n omi tí owó náà tì. Ṣílè-méjì kan tí mo so wọn 11.20 nígbà tó gbẹ. Nínú omi, síkéèlì ka 1.09. Pín èkíní fún èkejì, ó lé díẹ̀ ní 10.2, ibẹ̀ gan-an ni fàdákà irú yìí máa ń wà. Ayédèrú yẹn fún mi ní 8. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, omi dà sórí tábìlì, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Òòfà kò tó o: kò gbé fàdákà, kò sì gbé idẹ náà.

Níbi tó dùn mí gan-an, síkéèlì kò lè rí i. Mẹ́rin nínú owó náà jẹ́ fàdákà tòótọ́, ìwọ̀n wọn pé, àmọ́ ẹnì kan ti fi nǹkan fọ̀ wọ́n. Wọ́n ń dán bí ṣíbí inú kọ́ọ̀bọ̀ọ̀dù. Lábẹ́ gíláàsì, ìlà fínnífínní kún ojú ọba bí ẹni pé ológbò ha á lójú. Owó fàdákà tó ti pẹ́ máa ń dúdú, dúdú yẹn á sì sá sínú ihò àárín imọ̀ ọ̀pẹ, kí imọ̀ kọ̀ọ̀kan lè yọ sójú lọ́tọ̀. Òun ni olùgbàjọ owó ń wá. Fọ̀ ọ́, iye rẹ̀ á já bọ́ sí iye fàdákà inú rẹ̀ nìkan: gíráàmù márùn-ún ó lé díẹ̀ nínú ṣílè kan. N kò lè dá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi jù. Àǹtí mi tó gba ẹyọ kejì nínú ogún ìyá àgbà fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ tirẹ̀ títí orúkọ ọba fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ó sì fi hàn mí pẹ̀lú ìdùnnú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Méje tó kù dára. Èyí tó wù mí jù ni ṣílè-méjì ọdún 1913 tó ní lẹ́tà kékeré H, àmì ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham. Ó ti gbó díẹ̀ lórí adé, àmọ́ gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ ṣì pé. Tí mo bá fi èékánná kàn án létí, ó ń dún gbọnrangandan, ohùn náà á sì pẹ́ kó tó lọ. Ayédèrú yẹn ń dún "kọ̀", ó tán.

Mo kọ̀wé sí òǹtajà nígbà mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní ohun tó wà nínú àwòrán lòun tà. Nígbà tí mo fi àwòrán síkéèlì ránṣẹ́, ó dá pọ́n-ùn 12 padà, kò sì bẹ̀bẹ̀.

Tí mo bá ní kí n fún ìdì náà ní ìràwọ̀, mẹ́ta nínú márùn-ún ni, ìràwọ̀ kẹta sì jẹ́ ti ṣílè-méjì 1913 nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ béèrè àwòrán ọdún ara owó lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí òǹtajà gbé e sórí síkéèlì kó ya á. Ẹni tó bá ní òun ò ní síkéèlì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta owó Nàìjíríà ti 1959, alórí Ọbabìnrin Elizabeth, gẹ́gẹ́ bíi fàdákà ní ọjà wa níbí. Kò sí fàdákà nínú sísì oníkòkó wọn (ẹyọ kọ́bọ̀ mẹ́fà tí àwòrán kòkó wà lára rẹ̀) bó ti wù kó funfun tó.

Mo kó àwọn méje náà sínú àpò bébà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò jẹ́ kí ọ̀rá kàn wọ́n, ti ìyá àgbà wà láàárín wọn. Ṣílè idẹ méjèèjì ti bá ọmọ mi lọ. Ọmọ ayò rẹ̀ méjì sọnù lọ́dún tó kọjá, àwọn ló fi dí i.